Alángbá Inú Fóònù àti Ṣíbí Oyin Kan

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ọjà Makun kọjá ní Ṣàgámù lẹ́yìn ìrun àìlà, yóò bá Àlàájà Ràbíátù lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, lórí àpótí, pẹ̀lú agbọ̀n mẹ́ta níwájú rẹ̀. Obì gbàǹja ló ń tà. Àwọn oníbàárà tó ń wá láti Òkè Ọya kì í bá a jiyàn púpọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé obì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, a ti ṣà á.

Ṣíṣà yìí gan-an ni iṣẹ́. Obì tó dán, tó le, tí kò ní àbùkù, agbọ̀n ọwọ́ ọ̀tún ló ń lọ. Èyí tí kòkòrò ti lu, agbọ̀n ọwọ́ òsì ni tirẹ̀. Àmọ́ obì mìíràn wà tí ojú kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní àmì kékeré kan bí orí abẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ ojú ibi tí kòkòrò wọlé, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fara gbún agbọ̀n lásán ni. Irú ìyẹn ní agbọ̀n tirẹ̀ láàárín. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Títí wọn yóò fi mọ irú èyí tó jẹ́, kò gbọdọ̀ bá ti oníbàárà lọ.

Láídé ló máa ń bá a ṣà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó fi ọdún díẹ̀ kéré sí i, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọwọ́ Láídé nìkan ló wà nínú obì. Fóònù ló wà lọ́wọ́ Àlàájà.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," Láídé sọ. "Odidi Àlàájà tó ti dé Mẹ́kà, ẹ̀ ń fi ìka to ọsàn lórí fóònù."

"Máa ṣa obì rẹ. Ó kù díẹ̀ kí n kọjá ibi tó le yìí."

Kò kọjá níbẹ̀. Àwọn èso tó ń tò léra wó lulẹ̀, fóònù han gooro, alángbá kan sì yọ jáde. Ó wọ ìgò ojú, ó so táì mọ́ ọrùn, ó sì ń mi orí bí alángbá ṣe máa ń mi orí lára ògiri. Ó wúkọ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní: "Ǹjẹ́ o mọ̀? Ẹja kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun tó ń ronú nípa rẹ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹja wo nìyẹn?" ni Láídé wí. "Ẹ bi í pé ṣé ẹja náà ti mọ̀ pé èmi náà ń ronú nípa rẹ̀, pẹ̀lú ata àti ẹ̀bà."

Kareemat, àbígbẹ̀yìn Àlàájà, ló fi eré náà sórí fóònù ìyá rẹ̀, kí ó má baà máa tòògbé lọ́sàn-án. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ṣe é ní èdè Yorùbá. Ẹni tó ń ṣe eré á máa to èso léra. Bí èso bá wó, alángbá yìí, tí wọ́n sọ ní Mọ̀ọ́tán, á jáde, á sọ nǹkan kan tó ní òun mọ̀, kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tí Mọ̀ọ́tán mọ̀ kì í tán.

Àlàájà kì í ṣe ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ wẹ́rẹ́. Ó ti dán alángbá náà wò bó ṣe ń dán ọjà wò. Lọ́jọ́ kan, Mọ̀ọ́tán ní ohun kan wà nínú obì tó ń lé oorun lọ, pé òun náà ló wà nínú kọfí. Ìyẹn kò ṣòro. Ta ni kò mọ̀ pé awakọ̀ tó ń lọ sí Kánò ń jẹ obì kí oorun má baà gbé e lọ? Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní ẹranko kan wà nínú òkun tó ní apá mẹ́jọ àti ọkàn mẹ́ta. Àlàájà ní irọ́ gbuu ni. Kareemat wá a wò, ó ní òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló ní oyin kì í bàjẹ́. Àlàájà dìde, ó wọ yàrá lọ, ó fa ìgò oyin kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti oko Akaka ni wọ́n ti gbé e wá nígbà ìgbéyàwó Kareemat, ó sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó ṣì ń dùn bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé.

"Alángbá yìí mọ̀wé," ni Àlàájà wí. Láti ọjọ́ náà, ohun tí Mọ̀ọ́tán bá ti sọ, abẹ gé e. Nígbà tí alángbá náà sì wá sọ pé kò sí àìsàn kan tó lè gbé inú oyin, Àlàájà kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Ikọ́ ọmọ ló gé ẹ̀rín Láídé lórí ọ̀rọ̀ ẹja. Kareemat jáde láti inú ilé, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Ọládiméjì ni wọ́n sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n Àdìsá ni ìyá-ìyá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni. Bàbá rẹ̀, Ìdírísù, ń wa ọkọ̀ obì lọ sí Òkè Ọya. Bí ó bá ti lọ, ọ̀dọ̀ Àlàájà ni ìyàwó àti ọmọ máa ń wà.

"Ó tún ti dé, Màámi," Kareemat sọ. "Tó bá mu ọmú díẹ̀, á dá a dúró, á wúkọ́, kó tó tún mu."

"Gbé e fún mi. Àdìsá, ọkọ mi, ikọ́ yìí ò ní pẹ́ lára rẹ. Kareemat, mú ìgò oyin yẹn wá, kí o mú ṣíbí dání."

Kareemat kò mira. "Màámi, wọ́n ní ọmú nìkan ni títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà."

"Àwọn ta ni?"

"Níbi tí a ti ń wọn ọmọ."

"Ṣé níbi tí ẹ ti ń wọn ọmọ ni mo ti tọ́ ọ? Oyin ni mo fi tọ́ gbogbo yín. Ta ni oyin pa nínú yín?"

"Kò sí, Màámi, àmọ́..."

"Kò sí àmọ́. Ẹ̀sìn wa yin oyin. Mọ̀ọ́tán náà ní kò sí àìsàn tó lè gbé inú rẹ̀."

"Ìyá, ẹ̀sìn, alángbá," Láídé sọ, láì gbé ojú kúrò nínú obì. "Ẹlẹ́rìí ti pé. Kareemat, lọ mú ṣíbí."

Kareemat lọ, ó sì mú un dé. Àlàájà da oyin sínú ṣíbí, ó rọra gbé ọmọ lé itan. Ohun kan wà tí Kareemat kò mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó wà ní balùwẹ̀, ìyá rẹ̀ ti fi ìka kan oyin, ó sì ti fi kan ahọ́n ọmọ náà. Ọmọ náà pọ́n ọn lá. Àlàájà kò rí i bí ohun tó yẹ kí òun sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń gba àṣẹ kó tó tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájà."

Ellen ni, nọ́ọ̀sì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Pamílẹ́rìn. Ó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn àtíbàbà náà gan-an. Ìlíṣàn ni wọ́n bí i sí, nínú ìjọ tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé, kì í sì í fi obì kan ẹnu. Láídé kò jẹ́ kó gbàgbé rí.

"Ìyá Pamílẹ́rìn! Ẹ wá ra obì."

"Ọjọ́ Sátidé tí ẹ bá bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí Láídé, odidi agbọ̀n ni n ó rà." Ó fẹ́ kọjá lọ, ọmọ tún wúkọ́. Ó dúró. "Ikọ́ ta nìyẹn?" Ìgbà náà ló rí ṣíbí. "Àlàájà, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fẹ́ fún un?"

"Oyin. Kí ni mo tún fẹ́ fún un?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi sí i lẹ́nu. Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọmọ ná."

Ojú Àlàájà le. "Ṣé májèlé ni mo gbé dání ni?" Ṣùgbọ́n ó gbé ṣíbí náà sẹ́yìn.

Ellen kúnlẹ̀ síwájú ọmọ, ó ṣí aṣọ àyà rẹ̀ sókè, ó sì tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń mí, aago ọwọ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kò mí hẹlẹhẹlẹ," ni Ellen wí nígbà tó yá. "Egungun ìhà rẹ̀ kò sì wọnú tó bá mí sínú. Ó ṣì ń mu ọmú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rin tó ń wúkọ́, ó yẹ kí dókítà rí i lónìí. Dókítà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo kúrò. Kareemat, fún un lọ́mú dáadáa ná, ká tó jọ lọ. Àmọ́ oyin, rárá o. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin."

"Àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí," Àlàájà sọ. "Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mọ̀ọ́tán ní kò sí àìsàn kankan nínú oyin."

"Ta ni Mọ̀ọ́tán? Ṣé dókítà tuntun tí wọ́n ní wọ́n ń gbé bọ̀ ni?"

Láídé bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Alángbá ni o! Inú fóònù ló ń gbé. Ó so táì."

Ellen kò rẹ́rìn-ín. Kareemat ti gba ọmọ, ó ń fún un lọ́mú. Ellen fa àpótí kan, ó jókòó, ó ní kí Àlàájà sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún òun. Àlàájà sọ ọ́: ti obì àti oorun, ti ẹranko ọlọ́kàn mẹ́ta, ti oyin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun kò kàn gba alángbá gbọ́ lásán, òun dán an wò.

"Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ dán an wò," Ellen sọ. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Tí ẹ bá lọ ra obì lóko ní Akaka, tí ẹ ṣí agbọ̀n, tí ẹ mú mẹ́ta lókè, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, ṣé ẹ ó sanwó?"

"Kí n sanwó kẹ̀? Ta ló fẹ́ rẹ́ mi jẹ? Èyí tó dára ni wọ́n ń tò sókè. Mo máa ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò ni, kí n wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Àlàájà wo fóònù tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wo Ellen.

"Háà," ni Láídé sọ pẹ̀lẹ́. "Orí agbọ̀n nìkan ni Àlàájà wò tó fi ra ọ̀rọ̀ alángbá."

Kareemat gbé ojú sókè kúrò lára ọmọ. "Màámi, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po ọ̀rọ̀ alángbá yẹn pọ̀ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ náà wà. Kó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ṣé o sọ fún mi?"

Kareemat gbé ọmọ sí ọmú kejì.

"Ẹ jẹ́ ká da ọ̀rọ̀ alángbá sílẹ̀ nígbà náà," Ellen sọ. "Ọmọ ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́. Àlàájà, ẹ jẹ́ kí èso wó."

Àlàájà mọ̀ọ́mọ̀ to èso wọ́gọwọ̀gọ. Ó wó. Mọ̀ọ́tán jáde, ó mi orí, ó ní: "Ǹjẹ́ o mọ̀? Àdán fọ́jú pátápátá."

"Òótọ́ nìyẹn," Ellen sọ kíá. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Kareemat fi ọwọ́ kan ṣe àwárí lórí fóònù tirẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Pamílẹ́rìn, irọ́ ni o. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹranko ní kò sí àdán kankan tó fọ́jú. Gbogbo wọn ló ń ríran. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti kà á, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu."

"Ẹ ò rí i?" Ellen sọ, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Èmi náà rà á láìṣà. Pé ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ létí ẹni kò sọ ọ́ di òótọ́."

Inú Àlàájà dùn díẹ̀ sí èyí. Ó tún jẹ́ kí èso wó. Alángbá ní: "Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ rẹ lo ń lò." Kareemat wá a, irọ́ tún ni. Gbogbo rẹ̀ là ń lò. Láídé ní òun mọ àwọn kan ní Makun tó máa mú ìyẹn ṣòro láti gbà gbọ́. Èso tún wó. Alángbá ní: "Obìnrin ni ẹni tó kọ́kọ́ jẹ obì láyé."

"Òótọ́!" Láídé pariwo. "Ọkùnrin wo ló lè gbọ́n tó bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Àlàájà bi í.

"Kò sí."

"Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kò sí, Àlàájà."

"Agbọ̀n àárín nìyẹn." Àlàájà sọ ọ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Bóyá obìnrin ni, bóyá ọkùnrin ni. A ò lè mọ̀. Ti ẹja tó ń ronú náà, agbọ̀n àárín ni. A lè fi rẹ́rìn-ín, a ò lè fi ṣe nǹkan kan." Ó yíjú sí Ellen. "Oyin ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ méjì ni alángbá sọ lórí oyin," Ellen dáhùn. "Ó ní oyin kì í bàjẹ́. Ìyẹn sún mọ́ òótọ́ gan-an. Oyin tí a bá dé dáadáa máa ń pẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn náà ó ní kò sí àìsàn tó lè gbé inú rẹ̀. Irọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó, irọ́ yẹn gun òótọ́ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ni, ló fi rí ọ̀nà wọlé."

"Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

"Kòkòrò àìfojúrí kan wà, Màmá, tó máa ń wọ inú oyin nígbà mìíràn. Inú oyin, ńṣe ló ń sùn bí irúgbìn tí kò tíì rí ilẹ̀. Kì í hù níbẹ̀, kì í sì í ba oyin jẹ́. Ẹ lè tọ́ ọ wò, kó dùn, kó má yàtọ̀. Tí àgbàlagbà bá lá a, inú àgbàlagbà ti gbó, kì í fún un láyè. Àmọ́ inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún ṣì rọ̀. Ó lè hù níbẹ̀, kó máa da májèlé sí ọmọ lára. Àwọn iṣan ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ́n. Igbe rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìpéǹpéjú á máa wó, ọrùn kò ní dúró, kò ní lè fa ọmú. Tó bá le, kò ní lè mí dáadáa."

"Bí a bá wá sè é lórí iná ńkọ́?" Láídé bèèrè. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Iná ilé ìdáná wa kò pa á."

"Àwọn ọmọ mi lá a," Àlàájà sọ. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Gbogbo wọn."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Màmá. Kì í ṣe gbogbo oyin ló ní in, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá lá a ló ń mú. Kò wọ́pọ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá mú, ìyá rẹ̀ kò ní sọ pé kò wọ́pọ̀. Ẹ̀sìn yín tó yin oyin, òun náà ló ní kí ẹni tí kò mọ̀ bi ẹni tó mọ̀. Tí Àdìsá bá pé ọdún kan, ẹ fún un ní oyin." Ó yíjú sí Kareemat. "Oyin kò tíì kan ẹnu rẹ̀ rí, àbí?"

"Rárá o," Kareemat sọ. "Ọmú nìkan."

Àlàájà ń wo ilẹ̀. Ìka tó fi kan oyin láàárọ̀ wà lórí itan rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lábẹ́ àtíbàbà náà, èyí nìkan ni kò sí ẹni tó lè wá a rí lórí fóònù. Bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kareemat yóò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, yóò sì fi gbogbo ẹnu búra pé ọmú nìkan. Dókítà yóò gbà á gbọ́. Bí igbe ọmọ náà bá sì wá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ àwárí.

Ojú ń tì í. Níwájú Láídé ni, ẹni tí kò ní jẹ́ kó gbàgbé. Níwájú ọmọ tí òun fúnra òun bí ni.

"Ó ti kàn án," Àlàájà sọ.

"Màámi?"

"Láàárọ̀. Nígbà tí o wà ní balùwẹ̀. Mo fi ìka kàn án fún un lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Kareemat dìde dúró. Ó fa ọmọ mọ́ra bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á. Láídé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé bo obì.

"Ẹ ṣeun, Màmá," Ellen sọ. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, oògùn ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa yìí."

Lójú ọ̀nà, Kareemat ń dá lọ níwájú ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti ga, ọmọ wúwo sí i lápá. Ó dúró, ó yíjú padà, ó sì gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ bá mi gbé e, Màámi," ló sọ. Àlàájà gbà á.

Dókítà yẹ ọmọ náà wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òtútù ló fa ikọ́ náà, pé kò tíì wọ àyà. Ó ní kí wọ́n máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́, kí wọ́n má gbé e sún mọ́ èéfín, kí wọ́n sì sáré padà wá bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí bí ó bá kọ ọmú. Nígbà tí Àlàájà sọ ti oyin, dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó bi í ìgbà tó fún un àti bó ṣe pọ̀ tó. Kò bá a wí. Ó ní kò sí oògùn tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá, àmọ́ àìsàn oyin kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè tó oṣù kan. Kí wọ́n máa ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀, igbe rẹ̀, ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti bó ṣe ń fa ọmú.

"Inú mi dùn pé ẹ sọ ọ́," ni dókítà wí. "Tí ohunkóhun bá yí padà, mo ti mọ ohun tí n ó máa wá."

Àlàájà kò tíì ṣọ́ ohun kan bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Lárààárọ̀, kó tó kírun àsùbáà tán, etí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Kareemat. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó ké, àyà rẹ̀ á já. Bí ọmọ bá sùn jù, á wọlé, á fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á dúró títí ọmọ náà yóò fi dì í mú. Ọjọ́ kan tí Àdìsá kò yàgbẹ́ títí di alásàrí, Àlàájà kò lè jẹun. Nígbà tí ọmọ náà wá ya ìgbẹ́ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè débi pé àwọn ará ilé sáré jáde.

Ikọ́ náà lọ. Oṣù náà kọjá. Ọrùn Àdìsá dúró gírí, ojú rẹ̀ là kedere. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ebi pa á lábẹ́ àtíbàbà, ó sì ké igbe kan tó mú kí oníbàárà Kánò kan gbàgbé iye tó fẹ́ dá lé obì.

"Ẹ wá gba ọkọ yín o, Àlàájà," ni Láídé wí. "Ó fẹ́ fi igbe wó àtíbàbà lé wa lórí."

Àlàájà gbé e, ó sì jẹ́ kó ké díẹ̀ sí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Jẹ́ kó ké," ló sọ. "Jẹ́ n gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lóde òní. Ó ń jáde nínú eré, nínú fídíò, lórí Wasáàpù, lẹ́nu ẹni tó wọ ìgò ojú àti lẹ́nu ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Òmíràn jẹ́ òótọ́. Òmíràn jẹ́ irọ́. Òmíràn sì wà tí kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ kẹrin nítorí pé mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o yẹ wọ́n wò. Wo ẹni tó sọ ọ́. Bi ara rẹ pé kí ló fẹ́ jẹ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń ta oyin kò ní sọ fún ọ pé oyin kò dára fún ọmọ rẹ. Wá a ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí o kò bá sì lè mọ ìdí rẹ̀, fi rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má fi ṣe ìpinnu.

Ọmú nìkan ni ọmọ nílò títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan, ì báà jẹ́ ṣíbí kan, ì báà jẹ́ orí ìka, ì báà jẹ́ èyí tí a pò mọ́ omi gbígbóná, títí kan oyin tí à ń fi sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi oyin ṣàdúrà fún ọmọ, kó ṣe é, kí àwọn àgbà sì lá a.

Bí o bá ti fún un tẹ́lẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lè ran ọmọ rẹ lọ́wọ́. Èyí tí o fi nǹkan pamọ́ fún, nínú òkùnkùn ni yóò ti máa wá ohun tó ń ṣe ọmọ náà.

Ẹ fi fóònù ṣeré, kí ẹ rẹ́rìn-ín títí inú yín yóò fi dùn. Àmọ́ kí ohunkóhun tó dé ẹnu ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé etí nọ́ọ̀sì.